Bí Ilé Ìgbìmọ̀ Jámánì Ṣe Fi Agbára Rẹ̀ Lé Ẹnì Kan Lọ́wọ́

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Hitler. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, tí ó sì parí ní 1945, ogun Hitler ni àwọn àgbà wa ń pè é. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wọ iṣẹ́ ológun nígbà náà, wọ́n sì lọ jà dé Bọ́mà. Bí a bá béèrè bí Hitler ṣe gun orí àga, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wí pé ìbọn ló fi gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi gbé e fún un: ìwé ìbò, ìwé àṣẹ, ìwé òfin. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn ìwé náà ṣe tẹ̀lé ara wọn.

Ọba ni ó ń ṣe àkóso Jámánì tẹ́lẹ̀. Ní 1918 wọ́n ṣẹ́gun Jámánì nínú ogun ńlá àkọ́kọ́, ọba náà sì sá lọ sí Holland. Àwọn tí ó ṣẹ́gun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n sì bu gbèsè ńlá lé e lórí. Tógò tí kò jìnnà sí wa, ọwọ́ Jámánì ló wà títí ogun yẹn fi gbà á. Ní 1919 àwọn ará Jámánì ṣe òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní ìlú Weimar. Tọkùnrin tobìnrin ni ó lè dìbò. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀. Ó ní bí ìlú bá dàrú, ààrẹ lè pàṣẹ láì kọ́kọ́ bi ilé ìgbìmọ̀. Ẹ fi ihò yìí sọ́kàn.

Owó ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìjọba ń tẹ owó ìwé jáde ṣáá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, búrẹ́dì kan di nǹkan bí 200,000,000,000 máàkì. Máàkì ni wọ́n ń pe owó wọn. Ẹ ka òdo tí ó wà lẹ́yìn 2 yẹn, mọ́kànlá ni. Ẹni tí ó ti ń tọ́jú owó láti ogún ọdún, tí ó rò pé òun yóò fi jẹun ní ọjọ́ ogbó, kò lè fi gbogbo rẹ̀ ra ẹyin kan. Ìjọba yí owó padà, ara sì tu ìlú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1929 ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, àwọn tí wọ́n yá Jámánì lówó níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn. Ilé iṣẹ́ ń tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1932, àwọn aláìríṣẹ́ ti lé ní 6,000,000. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Hitler ní òun yóò fún wọn ní iṣẹ́ àti oúnjẹ. Ó ní àwọn Júù ló fa gbogbo ìyà náà. Irọ́ gbuu ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa a máa fẹ́ mọ ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Ní ìbò ọdún 1928, nínú 100 ènìyàn tí ó dìbò, àwọn tí ó yan ẹgbẹ́ Hitler, èyíinì ni ẹgbẹ́ Násì, kò tó 3. Ní 1930 wọ́n di 18. Ní oṣù keje 1932 wọ́n di 37. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà wọ́n tún dín sí 33. Ẹ kíyè sí i pé 37 kò tó ìdajì 100. Báwo wá ni ẹni tí kò ní ìdajì ìbò ṣe di olórí?

Àwọn ènìyàn ńlá ló gbé e wọlé. Ẹgbẹ́ Social Democrat, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àti ẹgbẹ́ Kọ́múnísì ń bá ara wọn jà, wọn kò sì lè pawọ́ pọ̀ dènà rẹ̀. Franz von Papen, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba rí, lọ bá Ààrẹ Hindenburg, arúgbó ẹni ọdún 85. Ó ní kí ó fi Hitler ṣe olórí ìjọba, kí àwọn sì yí i ká. Ní 30 oṣù kìn-ín-ní 1933, Hindenburg gbà. Násì mẹ́ta péré ló wà nínú ìjọba tuntun náà, Hitler sì wà nínú mẹ́ta yẹn. Papen rò pé òun ti so okùn mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn méjì yòókù? Frick ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Göring ni ó di ọlọ́pàá Prussia mú, Prussia sì ju ìdajì Jámánì lọ. Kí oṣù kejì tó parí, ó ti gba nǹkan bí 50,000 jàgídíjàgan ẹgbẹ́ wọn sí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí ń na ènìyàn ní ìgboro lánàá ni ó so ọ̀já funfun mọ́ apá, ó di agbófinró.

Ní alẹ́ 27 oṣù kejì, iná jó ilé ìgbìmọ̀ ní Berlin. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin ará Holland kan níbẹ̀. Hitler ní ọ̀tẹ̀ àwọn Kọ́múnísì ni. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni Hindenburg fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan. Ihò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà, ọlọ́pàá lè mú ènìyàn láì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Wọ́n lè já lẹ́tà rẹ wò, wọ́n lè ti ilé ìwé ìròyìn pa. Kò sí ọjọ́ ìparí nínú ìwé àṣẹ náà. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí Hitler fi kú ní 1945.

Ní oṣù kẹta wọ́n tún dìbò. Pẹ̀lú gbogbo ìdẹ́rùbà yìí, Násì rí 44 nínú 100. Kò tíì tó ìdajì síbẹ̀. Hitler wá gbé òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀. Orúkọ rẹ̀ dùn létí: òfin láti mú ìpọ́njú kúrò lórí àwọn ènìyàn àti ìlú. Abala márùn-ún péré ni ó ní. Ó ní ìjọba lè máa ṣe òfin fúnra rẹ̀, kódà bí òfin náà bá lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá fún un. Kí ó tó lè di òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó bá dìbò gbọ́dọ̀ gbà á.

23 oṣù kẹta 1933 ni ọjọ́ náà. Ilé eré Kroll ni wọ́n ti pàdé, nítorí ilé ìgbìmọ̀ ti jóná. Àwọn ọmọ ogun Násì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pariwo. Àwọn Kọ́múnísì 81 tí ìlú yàn kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti mú àwọn kan, àwọn mìíràn ti sá. Nínú 120 ti Social Democrat, 94 ló lè wá. Ọwọ́ ẹgbẹ́ Centre, ẹgbẹ́ àwọn Kátólíìkì, ni ọ̀rọ̀ kù sí. Kaas, àlùfáà tí ó jẹ́ olórí wọn, fẹ́ kí Hitler kọ ìlérí rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n ní ìwé náà ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n dìbò, ìwé kò dé. Kò dé títí dòní.

Otto Wels, olórí Social Democrat, nìkan ló dìde tako òfin náà. Ó ní wọ́n lè gba òmìnira àti ẹ̀mí lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba iyì àwọn. Hitler fi ìbínú dá a lóhùn. Àwọn 444 ní kí òfin wọlé. Àwọn 94 kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Wels ni gbogbo wọn.

Ọdún mẹ́rin tí wọ́n dá ńkọ́? Wọ́n fi kún un ní 1937, ní 1939 àti ní 1943. Ní oṣù keje 1933, òfin jáde pé ẹgbẹ́ Násì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Hindenburg kú ní 1934, Hitler sì gba ipò tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀. Wels kú ní ìlú Paris ní 1939. Nínú ogun tó tẹ̀lé e, wọ́n pa nǹkan bí 6,000,000 Júù.

Síbẹ̀ wọ́n ń dìbò. Ní 1938, nígbà tí Jámánì gba Austria, wọ́n pín ìwé ìbò fún àwọn ènìyàn. Wọ́n ní lé ní 99 nínú 100 ló gbà. Àwòrán ìwé ìbò náà wà títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni wà lábẹ́ àmì róbótó ńlá kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ wà lábẹ́ èyí tí ó kéré, ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà.