Okùn Gígùn, Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin tí ẹ ra àgódóńgbó, tí ẹ ń retí ọjọ́ tí ẹ ó gùn ún jáde níbi Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi òwe yìí kí. Ọjọ́ tí a bá dì í ní gàárì kọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: olùkọ́ á dúró láàárín, á di okùn gígùn mú, ẹṣin á máa yí i po, á máa kọ́ bí a ti ń gbọ́ àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní Spanish Riding School tó wà ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, tí wọ́n ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ọdún 1565, okùn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọ ẹṣin Lipizzaner. Àwọn tó ń kọ́ ẹṣin gígùn níbẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀: orí àgbà ẹṣin tí wọ́n so mọ́ okùn ni wọ́n ti ń kọ́ ìjókòó, láìdi ìjánu mú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í kánjú.

Bí a bá fẹ́ ra ohun èlò ẹ̀kọ́ yìí, orí ẹṣin ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìnáwó. Ẹ má so okùn mọ́ irin ìjánu. Ẹnu àgódóńgbó ṣì rọ̀. Bí ẹ bá ti fà á ni yóò máa dùn ún, yóò sì kórìíra irin kó tó mọ ìlò rẹ̀. Ẹ ra okùn-orí tí awọ imú rẹ̀ nípọn, tó ní àwọn òrùka irin lókè imú, kí ẹ sì so okùn mọ́ òrùka àárín. Egungun imú ni kí awọ náà jókòó lé, kó má sọ̀ kalẹ̀ síbi tó rọ̀ tí èémí ń gbà kọjá. Kó mọ́ ọn lórí dáadáa, nítorí èyí tó bá dẹ̀ yóò yí, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì wọ ojú ẹṣin.

Okùn òwú pẹlẹbẹ, mítà 8 sí 10, ló dára. Okùn ọ̀rá máa ń jó ọwọ́. Ẹ ká a pẹlẹbẹ sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń ká aṣọ, kó lè máa tú lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe wé e mọ́ ọwọ́ láéláé! Bí ẹṣin bá ta gìrì, tó sá, ìka yín ni yóò gbé lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dé akoto, ẹ bọ́ sálúbàtà sílé.

Pàṣán gígùn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ìtọ́ka ni, kì í ṣe ẹgba. Okùn ń bá imú sọ̀rọ̀, pàṣán ń tọ́ka sí ìdí, ohùn yín ló ń pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ máa lò fún "dúró" lójoojúmọ́.

Ní ti okùn ẹ̀gbẹ́, èyí tó ń ti ẹnu lọ sí ọ̀já tí a dì yí àyà ẹṣin ká, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Tó bá tó àkókò, kó gùn, kó sì dẹ̀. Ẹni tó fi í fa orí ẹṣin wálẹ̀ ń wá ẹwà níbi tí ìrora wà.

Kí àyíká fẹ̀ tó mítà 15 sí 20 láti etí kan dé ìkejì, lórí iyanrìn tó rọ̀, nítorí egungun àgódóńgbó kò tíì gbó, àyíká kékeré sì ń lọ́ oríkèé ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 tó, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì bákan náà.

Àwọn kan á ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni wọ́n ní ká pa, wọn ò ní ká hú gbòǹgbò. Bí owó kò bá tó, ẹ ra okùn-orí tó dáa, okùn òwú àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kúkú ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ la ó fi sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ìpàkọ́.