Ọsàn Kì í Dúró De Ojúde Ọba

Ìjẹ̀bú-Òde,
Oṣù Kejìlá, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Màmá rẹ ti jíṣẹ́ tí o fi rán an. Ó ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹ̀yin ojúgbà, ti fi ìpanu àlejò lé ọ lọ́wọ́ fún ọdún Ojúde Ọba tó ń bọ̀, o sì ti ń lérí pé ọsàn ni wàá fi dá wọn lára yá: kéèkì ọsàn, kọ́sítáàdì ọsàn, omi ọsàn dídì nínú ife. O ní kí n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́, pé ẹni tó fi ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìdáná nílé ìwé kò ní ṣàìmọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ ọ́n, màá sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó ra ẹyin, wo kàlẹ́ńdà ná. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń tẹ̀ lé òṣùpá, ìdí nìyẹn tó fi ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà la ṣe é. Lọ́dún 2025 yìí, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni, èyí tó padà di ìkẹyìn lásìkò Kábíyèsí Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù Keje. Ti 2026 yóò bọ́ sí ìparí oṣù Karùn-ún. Ọsàn ńkọ́? Lágbègbè wa níbí, láti oṣù Kẹwàá ló ti ń wọlé, ọyẹ́ ló ń bá a gbilẹ̀, tó bá fi máa di oṣù Kẹta, ẹni tó bá gun igi ọsàn, ewé ni yóò pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí wàá bá ní ọjà Òkè-Ajé ní oṣù Karùn-ún yóò wọ́n, àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn bíi Benue yóò sì ti rọ lójú ọ̀nà. O fẹ́ fi irú ọsàn bẹ́ẹ̀ se oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́, kí ojú wa lè tì níwájú àwọn ẹlẹ́ṣin?

Ìdájọ́ mi nìyí. Ohun tó bá nílò omi ọsàn tútù, ẹ jẹ ẹ́ báyìí, ní Kérésì àti ọdún tuntun, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Ohun tí yóò dé Ojúde Ọba láìyẹ̀ ni èèpo ọsàn tí a fi ṣúgà sè àti máámaléèdì, àsìkò tí a ń ṣe wọ́n sì ni ìsinsìnyí tí ọyẹ́ ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jà. Má ṣe máa wá ọsàn pupa tàbí ofeefee kiri. Òtútù òru ló ń sọ àwọ̀ ọsàn di ofeefee, a ò sì ní irú òtútù yẹn. Ọsàn wa a máa gbó kó sì dùn tòun tàwọ̀ ewé lára. Lókè òkun pàápàá, ilé iṣẹ́ míì máa ń fi gáàsì ethylene pa àwọ̀ rẹ̀ dà kí ojú oníbàárà lè wọ̀ ọ́. Gbé ọsàn lọ́wọ́, kí o wo bó ṣe wúwo sí. Èyí tó wúwo, tí ara rẹ̀ ń dán, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi ló wà nínú ìyẹn. Èyí tó rí págunpàgun, tí èèpo rẹ̀ nípọn, tí àwọn oníbàárà ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ni mo fẹ́ kí o rà fún èèpo, wọn yóò sì dín owó rẹ̀ fún ọ. Bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ká a ni tàbí wọ́n fi igi lù ú já. Ọmọ ọsàn ní í kó pónpó bá ìyá rẹ̀, àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọsàn tí pónpó bá kàn, tó sì ṣubú lu ilẹ̀ líle, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí ojú ibẹ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò bu, tí yóò sì ba àwọn yòókù inú apẹ̀rẹ̀ jẹ́.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ bó o. Bí àwọn tó ń ta ọsàn lójú títì ṣe ń fi ọ̀bẹ bó o gbọọrọ bí okùn yẹn dára fún ẹni tó fẹ́ mu ún lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń bó dànù yẹn gan-an ni iyebíye ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà èwe tiwa, a máa ń sá a sóòrùn, a fi ń dáná, a sì ń sun ún lálẹ́ láti lé ẹ̀fọn. Ohun tó ń lé ẹ̀fọn náà ló ń ta sánsán nínú kéèkì: òróró tó wà nínú àwọn ojú wínníwínní ara èèpo. Bí o bá fẹ́ rí i, tan àbẹ́là, mú èèpo tútù kan, ká a pọ̀ wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà, kí o fún un. Yóò ta pàrà, iná yóò sì ṣẹ́ yẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ rẹ yóò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n má fi àbẹ́là náà sílẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn tí o bá fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti kànìnkànìn fọ ọsàn dáadáa, fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ sí mẹ́rin láti orí dé ìdí, kí o fi àtàǹpàkò ṣí i kúrò lára ọsàn tòun ti funfun inú rẹ̀. Ọsàn inú, ẹ jẹ ẹ́. Gé èèpo náà gbọọrọ gbọọrọ, kó fẹ̀ tó ìdajì ìka. Dà á sínú omi tútù, gbé e kaná, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, da omi náà nù. Bu omi mìíràn, hó o, dà á nù. Ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Kíkorò tó wà nínú funfun yẹn ni ò ń lé jáde. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, tó ní ó ti tó, àlejò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, yóò sì fajú ro lẹ́yìn náà. Nígbà tó bá rọ̀ tí èékánná rẹ lè wọ̀ ọ́ láìjà, wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n èèpo náà ni ìwọ̀n ṣúgà. Dà wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò, bu omi tí yóò kàn bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí o sè é lórí iná tó rọra ń jó. Má gbé e sórí iná ńlá kí o bá ti tẹlifóònù lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni omi náà ń fà, tí funfun èèpo ń di mímọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ fi ń là á kọjá. Nígbà tí omi ṣúgà bá ṣẹ́kù díẹ̀ nísàlẹ̀, tó ki, tó ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, ó ti tó.

Tò ó sórí asẹ́, má jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ibí ni ọyẹ́ ti wúlò. Ní oṣù Kíní, ọjọ́ kan sí méjì ni yóò fi gbẹ lábẹ́ aṣọ tín-ín-rín tí eṣinṣin kò lè gbà kọjá. Gbìyànjú rẹ̀ nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ kan ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, yóò sì bu. Bó bá gbẹ tán, yí i nínú ṣúgà, kó o sínú ìgò gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. Tí òjò oṣù Kẹrin bá bẹ̀rẹ̀, má ṣe máa ṣí i wò lójoojúmọ́.

Máámaléèdì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kílò kan ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́ 4, omi lítà méjì. Gé èèpo wọn wẹ́wẹ́, fún omi wọn sínú ìkòkò, kó gbogbo kóró àti okùn funfun inú ọsàn sínú aṣọ mímọ́, so ó, jù ú sínú ìkòkò náà, kí o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nínú kóró àti funfun ni ohun tó ń mú un dì wà; kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ló sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ọsàn tiwa dùn jù fún iṣẹ́ yìí. Àwọn òyìnbó tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọsàn kíkan ti Seville ní Sípéènì ni wọ́n ń lò. Sè é títí èèpo yóò fi rọ̀ pátápátá kí o tó da ṣúgà kílò kan àtààbọ̀ sí i, nítorí pé bí ṣúgà bá ti wọlé, èèpo tó bá le tẹ́lẹ̀ kò tún ní rọ̀ mọ́. Yọ aṣọ kóró yẹn, fún un dáadáa. Wá jẹ́ kí iná pọ̀ wàyí. Kán an sórí àwo tó ti tutù nínú fíríìjì, fi ìka tì í: bí ojú rẹ̀ bá hunjọ, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí o bù ú gbígbóná sínú ìgò tí o ti sè. Má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù lásán fún nǹkan yìí, kíkan ọsàn a máa jẹ ẹ́. Lo èyí tí kì í dípata tàbí ìkòkò tánganran funfun ayé àtijọ́. Tèmi wà níbí.

Ní oṣù Karùn-ún, ìgbà náà ni kéèkì ọsàn rẹ yóò wáyé, ọsàn tútù kankan kò sì ní sí nínú rẹ̀. Fúláwà gíráàmù 250, bọ́tà 250, ṣúgà 200, ẹyin 4, páúdà kéèkì ṣíbí kékeré méjì, máámaléèdì ṣíbí ńlá mẹ́ta, ẹ̀kúnwọ́ èèpo oníṣúgà kan tí o gé wẹ́wẹ́, tí o sì yí nínú fúláwà kó má baà rì sísàlẹ̀. Po bọ́tà àti ṣúgà títí yóò fi funfun. Níbi yẹn ni ọ̀lẹ ti máa ń dá ara rẹ̀ hàn. Ìgbóná 170, bí ìṣẹ́jú 50. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ìkòkò ńlá tí a da yanrìn sí nísàlẹ̀ lórí gáàsì yóò sè é, ó sì ti sè é rí. Fi máámaléèdì gbígbóná pa á lójú nígbà tó bá jáde. Wọ́n fún mi ní kéèkì ọsàn kan níbi ìnáwó láìpẹ́ yìí, mo jẹ ẹ́ tán, mi ò rí ọsàn kankan níbẹ̀, òórùn inú ìgò lásán ni wọ́n dà sí i. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa.

Fún àwọn ọmọ rẹ ní Kérésì yìí, kọ́sítáàdì ọsàn ló yá jù. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni páúdà kọ́sítáàdì, ó sì lè fi omi ọsàn dì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń fi mílíìkì dì. Fi omi ọsàn tútù díẹ̀ po ṣíbí mẹ́ta, jẹ́ kí ife omi ọsàn méjì gbóná pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, da èyí tí o pò sí i, kí o máa rò ó láìdáwọ́ dúró bí ẹni ń ro ògì. Gbàrà tó bá ki, sọ̀ ọ́. Bó bá pẹ́ lórí iná, kíkan ọsàn yóò mú un ṣàn padà. Má da mílíìkì mọ́ omi ọsàn gbígbóná, yóò ṣẹ́. Fi irin wẹ́wẹ́ tí a fi ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ rin èèpo ojú ọsàn kan sí i lẹ́yìn tí o bá sọ̀ ọ́, àwọ̀ ewé nìkan, má kan funfun. O béèrè nípa jẹ́látìn. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn nínú rẹ̀. Iléyá ló sì bí Ojúde Ọba. Má lò ó.

Ohun kan tún wà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ láti fi grapefruit, tí a ń pè ní gíréèpù, rọ́pò ọsàn nítorí pé ó tóbi. Nifedipine tí ọ̀pọ̀ àgbà ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti simvastatin ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kì í bá gíréèpù rẹ́. Ó ń jẹ́ kí oògùn náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ara. Àwọn bàbá tí yóò jókòó lábẹ́ àtíbàbà yẹn, mélòó nínú wọn ni kò gbé oògùn sínú àpò agbádá? Gbé èso gígé lásán síbẹ̀ náà fún àwọn tí ṣúgà kò bá lára mu.

Ẹnìkan sọ fún mi pé o ti ń ronú àtità á sínú ìgò. NAFDAC kò ní gbà fún ọ láìní nọ́ńbà, èmi náà kò sì ní gbà fún ọ títí wàá fi sè é lọ́dún méjì tí ọwọ́ rẹ kò ní yẹ̀. Bí o bá fẹ́ ná owó, ra igi ọsàn kan tí wọ́n ti so mọ́ ìdí ọsàn mìíràn lọ́dọ̀ NIHORT, ilé ìwádìí nípa èso àti ẹ̀fọ́, ní Ìbàdàn tí o wà yẹn, gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Orí ìdí irú ọsàn mìíràn, tí èso rẹ̀ lè kan, ni wọ́n máa ń so ọsàn dídùn mọ́. Gbogbo èèhù tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n so ó, gé e kúrò. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ni wọ́n ń pariwo pé ọsàn àwọn yí padà di kíkan, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó ṣe é fún wọn.

Mo ti bá ẹni tó ń kó ọsàn wá láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kíní ni kí o wá, kí ọyẹ́ tó wọlé lọ. Mú ṣúgà kílò mẹ́wàá dání, mú ìgò olómorí wá, kí o sì mú méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ tí ọwọ́ wọn mọ́ tí wọn kì í sì í tètè rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè wá lóṣù Kíní, sọ fún ẹgbẹ́ yín kí wọ́n ra bisikíìtì.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ.