Bí A Ṣe Ń Mú Kí Gìtá Tuntun Rí Bí Èyí Tó Ti Gbó

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi bẹ̀rẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo gbé gìtá tí ẹ̀gbọ́n mi yá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Imota. Mo fẹ́ kó rí bíi ti àwọn àgbà olórin, ni mo bá fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Kò gbó rárá. Ńṣe ló dà bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ.

Níbo ni mo ti ṣì í? Ogbó kì í dé gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ère ìbejì. Ojú àti imú èyí tí wọ́n tọ́jú pẹ́ máa ń jẹ, á sì máa dán, torí ibẹ̀ ni ìyá ń wẹ̀, tó ń fi oúnjẹ kàn, tó sì ń fi osùn pa. Osùn á ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá. Ní 1963, Rory Gallagher, ọmọ Ireland, ra Fender Stratocaster tí wọ́n ṣe ní 1961. Bó ṣe ń ta á, tó ń làágùn sí i, ọ̀dà rẹ̀ bó títí igi fi hàn. Ní 1995, Fender bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ògbólógbòó, tí wọ́n pè ní Relic.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú:

1. Ẹ tú okùn, irin àti wáyà kúrò. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára pátákó tí ẹ kùn.
2. Ẹ gbé gìtá dání bí ẹni tó fẹ́ ta á. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí apá ń gbé lé, ibi tí irin bẹ́líìtì ń ha lẹ́yìn, àti etí tó máa ń kọlu nǹkan.
3. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ha: sáńpépà 400 láàárín, 800 létí, kí ọ̀dà máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó tó kan igi.
4. Igi tó hàn á funfun jù. Ẹ fi tíì tó ki nù ún, kó gbẹ.

Lákà fẹ́lẹ́, ó tètè ń gbà. Polyester nípọn bí ike, ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹ bo imú yín, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Bí ẹ bá máa tà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń rà á pé tuntun ni. Ẹni tó bá pe ère àná ní ère ayé àtijọ́, olè ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ta gìtá tí mo bà jẹ́. Ibi kan ṣoṣo ló ti ń dán lára rẹ̀ báyìí: ibi tí apá wọn ń gbé lé.