Àpótí Ìmọ̀: Ilé, Ilẹ̀ àti Ọmọ Nígbà Tí Tọkọtaya Bá Kọ Ara Wọn

Ní Nàìjíríà, irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló ń pinnu kóòtù tí ẹ máa lọ. Kóòtù ìbílẹ̀ ló ń tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Ti rẹ́jísìrì, Kóòtù Gíga ni. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ni Kóòtù Gíga ń tẹ̀ lé, kò sì sọ pé kí wọ́n pín dúkìá sí méjì ọgbọọgba. Ohun tí adájọ́ bá rí pé ó tọ́ ni yóò pàṣẹ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ti ń pàdánù: wọ́n bá ọkọ ra sìmẹ́ńtì, wọ́n san owó bíríkìlà, àmọ́ orúkọ ọkọ nìkan ló wà nínú ìwé ilẹ̀, wọn ò sì tọ́jú rìsíìtì kankan tí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí. Ọmọ títọ́ àti iṣẹ́ ilé, tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ ní tòótọ́, kì í sábà ní rìsíìtì.

Ní ti ọmọ, òfin ọdún 1970 yìí kan náà sọ pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. “Bàbá ló lọmọ” tí ẹbí máa ń wí kì í ṣe òfin níbẹ̀. Kóòtù lè pàṣẹ lórí ibi tí ọmọ yóò máa gbé, owó ilé-ìwé rẹ̀, àti ọjọ́ tí òbí kejì yóò máa wá rí i. Ní ti ilé, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú ìwé ilẹ̀.