Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Fótò Yíyà Níbi Eré Heavy Metal Nínú Gbọ̀ngàn Olókùnkùn

Iṣẹ́: Fótò yíyà
Kíláàsì: Ọdún kejì
Àkókò: Ìṣẹ́jú 80
Ohun èlò: Kámẹ́rà tí a lè fọwọ́ darí, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, iná LED pupa kan, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣeé dí

Èròǹgbà
Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí yóò yọ̀ǹda nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, kí ó sì lè ya ojú ènìyàn lábẹ́ iná pupa kí a dá onítọ̀hún mọ̀.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá
Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ojú lẹ́ǹsì, ìyára ṣọ́tà àti ISO. Púpọ̀ nínú wọn ti ya òde ìgbéyàwó, níbi tí filáàṣì ti ń kọ yẹ̀rì láti àárọ̀ dalẹ́ tí inú olóde sì ń dùn. Kí olùkọ́ gba filáàṣì lọ́wọ́ wọn lónìí. Òkùnkùn wà lára ohun tí àwọn olórin heavy metal ń tà, ẹni tó bá tan filáàṣì sí wọn lójú ti ba ọjà wọn jẹ́.

Ìfáárà
Àwo orin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Black Sabbath láti ìlú Birmingham gbé jáde ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin heavy metal. Lónìí, àwọn gbajúmọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ ọ́ ń ṣeré ní pápá ìṣeré ńlá. Níbẹ̀, ayafótò ní àyè tirẹ̀ níwájú ìtàgé, orin mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kó yà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa dá lé yàtọ̀. Ẹ wo The Underworld ní Camden, ní London: abẹ́ ilẹ̀ ló wà, lábẹ́ ilé ọtí kan, nǹkan bí 500 ènìyàn ló ń gbà, àwọn òpó rẹ̀ sì ń dí ènìyàn lójú. Nínú irú gbọ̀ngàn kékeré bẹ́ẹ̀, àárín èrò ni ayafótò sábà máa ń dúró sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ṣíṣètò kámẹ́rà
Ìyára ni a kọ́kọ́ ń mú, nítorí òun ni a kò gbọdọ̀ yọ̀ǹda: 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá fún akọrin àti onígìtá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú lẹ́ǹsì tán. Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí kì í sábà ṣí ju f/5.6 lọ tí a bá fà á gùn; ìmọ́lẹ̀ tí f/1.8 ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 wà lára àwọn tó dínwó jù lọ lórí igbá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹ̀kọ́ yìí jẹ gbèsè.

ISO ni yóò dí àlàfo tó kù: 3200, 6400, kódà 12800. Àwòrán á ṣe hóró-hóró bí ẹni bu gàrí wọ́n ọn. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé fíìmù, àwọn ayafótò máa ń lo Kodak Tri-X tó jẹ́ 400 bí ẹni pé 1600 ni, wọ́n á wá jẹ́ kó pẹ́ sí i nínú omi ìfọfíìmù. Fótò tó ní hóró ṣì ń sọ̀rọ̀. Èyí tí ojú ti fà ya nínú rẹ̀ ni a ń dà nù.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kámẹ́rà láti wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn. Aṣọ dúdú, ògiri dúdú: yóò fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di aláwọ̀ eérú, ojú akọrin á sì funfun kọjá àlà. Ti àwọn ẹgbẹ́ black metal tó ń fi ọ̀dà funfun kunjú tún burú jù. Ojú akọrin nìkan ni kí ẹ wọ̀n. RAW ni kí ẹ fi pamọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Iná pupa
Ọ̀tá gidi nìyí, ju òkùnkùn lọ. Nínú ẹyinjú mẹ́rin lórí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, méjì ń wo àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń wo búlúù, ẹyọ kan péré ló ń wo pupa. Bí iná pupa nìkan bá ń tàn, ẹyọ kan yẹn ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Ó tètè ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, síbẹ̀ àtẹ ìmọ́lẹ̀ gbogbogbòò lẹ́yìn kámẹ́rà á máa sọ pé kò séwu. Imú, ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá di pupa kan náà.

Kí olùkọ́ ti fèrèsé, kí ó tan iná pupa sí ojú akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ó yà á bí kámẹ́rà ṣe fẹ́, kí ó tún dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì, kí ó tún yà á. Kí kíláàsì wo àtẹ àwọ̀ pupa nìkan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun; ibẹ̀ ni ojú ti sábà máa ń padà wá. Lóde eré, ẹni tó bá ní sùúrù á dúró de ìgbà tí iná funfun bá kọjá.

Bí ìlà-ìlà bá hàn nínú fótò, iná LED ló ń ṣẹ́jú. Ẹ pa ṣọ́tà tí kì í dún, kí ẹ lo èyí tó ń dún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìgbà tí a ń tẹ bọ́tìnnì
Ẹ fetí sí ìlù. Onígìtá tó ń ju irun síwá sẹ́yìn ń tẹ̀ lé e, nígbà tí orí bá sì dé òkè pátápátá, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó padà wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Akọrin heavy metal fẹ́ràn láti fi ọwọ́ méjèèjì di máìkì mọ́ ẹnu. Ẹni tó dúró gán-an níwájú rẹ̀ á ya ìkúùkù lásán. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ dúró de ìgbà tó bá fẹ́ mí.

Onílù ló ṣòro jù: ẹ̀yìn ló wà, nínú òkùnkùn, páànù ìlù sì dí i lójú. Fún òun nìkan ni mo gba 1/60 láyè: kí ọwọ́ fà ya, kí ojú dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ara àti etí
Èrò ń ti ara wọn níwájú ìtàgé. Ẹ fi okùn kámẹ́rà wé ọrùn ọwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ẹ kọ́kọ́ gbé e dìde. Àṣà wọn nìyẹn, fótò á dúró. Ẹ dí etí yín: ìlànà àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà gba wákàtí 8 láyè fún ariwo 85 dẹ́síbẹ̀lì, ṣùgbọ́n tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni.

Ìgbéléwọ̀n
1. Kí ló dé tí a fi ń mú ìyára ṣáájú ISO?
2. Ṣàlàyé ohun tí iná pupa ń ṣe sí sẹ́ńsọ̀.
3. Níbo ni wàá dúró sí bí akọrin bá di máìkì mọ́ ẹnu?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Ẹ wá ẹgbẹ́ olórin tó ń ṣe ìdánrawò lálẹ́, kí ẹ tọrọ àyè, kí ẹ yà wọ́n láìlo filáàṣì. Fótò mẹ́ta péré ni kí ẹ mú wá. Ẹni tó bá mú mẹ́wàá wá, méje á padà sọ́wọ́ rẹ̀ láìwò.