Láti Hamburg dé Helsinki

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹbí láti Hamburg ní Jámánì lọ sí Helsinki ní Fínláńdì, ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ sí Copenhagen, àti èyí tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Stockholm, pọ̀ lójúmọ́. (Títí di ọdún 2019, ti Copenhagen a máa wọ inú ọkọ̀ ojú omi, tòun tèrò inú rẹ̀!) Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ Helsinki ń ṣí ní Stockholm. Bí ó bá fi yín sílẹ̀, ó di ọ̀la, tọmọ tẹrù. Ẹ dé Stockholm ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Aago Fínláńdì fi wákàtí 1 ṣáájú ti Swídìn. Bí aago 9 bá lù ní Stockholm, aago mélòó ni ní Helsinki?