Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÈRÈ TÓ WÀ NÍNÚ ILẸ̀ KỌNKÉRÉ

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ilẹ̀ tí à ń gbé ọjà lé. Òrùlé àti ìlẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ ni àpò àgbàdo, ẹ̀wà, gààrí àti kòkó ń sùn lé.

1. ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀. Amọ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń kọ́lé ní Ẹdẹ láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa a sì máa fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ kó lè dán. Ó tutù lóòótọ́, àmọ́ àtúnpa rẹ̀ kì í tán. Ikán ń ti abẹ́ rẹ̀ yọ, èkúté ń gbẹ́ ẹ, ọ̀rinrin sì ń gòkè wọnú àpò títí ẹ̀wà yóò fi bu. Símẹ́ǹtì túbọ̀ sún mọ́ wa nígbà tí ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Kọnkéré tó dáa, èkúté kò lè gbẹ́ ẹ, iná kì í jó o, ó ṣeé gbá, ó sì ṣeé fọ̀.

Ìlera náà ń bẹ níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Coahuila ní Mẹ́síkò, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi símẹ́ǹtì ṣe ilẹ̀ ilé àwọn tálákà ní 2000. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, aràn inú àwọn ọmọdé ti dín kù ní ìdá 78 nínú 100, ìgbẹ́ gbuuru sì dín kù ní ìdá 49.

2. BÍ A ṢE Ń ṢE É. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ kúrò, ẹ gún ilẹ̀ kó le, kí ẹ sì tẹ́ ọ̀rá sí i nítorí ọ̀rinrin. Símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 ni ẹ pò pọ̀. Iyanrìn odò tí kò ní ẹrẹ̀ ló dáa. Ṣọ́ọ̀bù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní 10, bí kọnkéré rẹ̀ bá nípọn ní ínṣì 3, yóò gbà tó àpò símẹ́ǹtì 6.

Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà pò ó bí ògì o! Omi púpọ̀ máa ń jẹ́ kó rọrùn láti tẹ́, àmọ́ bí omi yẹn bá gbẹ tán, ihò wẹ́wẹ́ ló máa fi sílẹ̀, kọnkéré ò sì ní lágbára. Bí ó bá ti le díẹ̀, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Ẹ mú sùúrù tó ọjọ́ 28 kí ẹ tó to ẹrù wúwo lé e.

3. ÌKÌLỌ̀. Kọnkéré kò ní ká má tẹ́ pákó sábẹ́ àpò. Ẹni tó bá háyà ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ bá onílé ṣe àdéhùn lórí ìwé, kó má baà tún ilé onílé ṣe tán kí wọ́n ní kó kó jáde. Ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ ṣe é, kó ka iye àpò, iyanrìn, òkúta àti owó iṣẹ́ kó tó wá síwájú ìgbìmọ̀. Owó ilẹ̀, ká má fi ṣe ìnáwó òde.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dí i pa, kí èrè wa má baà gba abẹ́ àpò lọ.